Ọwọ́ Ọ̀kẹ́ ní Túdù

Lọ́jọ́ kẹjọ tí ìyá àgbà mi kú, àlùfáà tó fẹ́ ṣe àdúà fún un tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Kí lorúkọ ìyá?" Ilé kún dẹ́nu. Àwọn ọmọ tó bí wà níbẹ̀, àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà láti ìgbà èwe wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó dáhùn. Lọ́jọ́ tí a sin ín, "ìyá wa" la ń pè é, a ṣe kíá, kò sẹ́ni tó béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹjọ yìí, wọ́n béèrè orúkọ ìyá wa lọ́wọ́ wa, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹní. Ojú ló ń tì wá. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní fi pamọ́.

Kí n tó sọ bí a ṣe dá àlùfáà lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí ìyá yìí jẹ́, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ọmọkọ́mọ ni wá. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọ̀kẹ́ ni gbogbo Túdù, àdúgbò wa ní Àkrà, ń pè é. Àwọn Yorùbá ń pè é ní Alájà Ọ̀kẹ́, àwọn ará Gánà tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè é ní Máàmé Ọ̀kẹ́, èmi tó tọ́ dàgbà ń pè é ní Ìyá Àgbà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e wá fún bàbá àgbà mi ní Àkrà nígbà tó ṣì wà ní ọmọge. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ibi tí àwọn tróò-tróò ti ń kó èrò, ó ń ta bọ́tìnì, òwú, abẹ́rẹ́ àti síìpù. Ó kúrú, ó mọ́ tónítóní, ìborùn rẹ̀ kì í kúrò lórí. Etí gọ́tà ló máa ń gbà rìn, bí ẹni pé àwọn tó ń gba àárín ọ̀nà ló ni ọ̀nà, tí òun kàn ń tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí èèyàn bá kí i, á kọ́kọ́ wolẹ̀ kó tó dáhùn.

Ọjọ́ Iléyá ló máa ń túmọ̀ orúkọ náà fún wa. Bí alápatà bá ti la inú àgbò, Ìyá Àgbà á fa àpótí súnmọ́ ọn, á máa fi ọ̀bẹ kékeré nàka sí nǹkan. "Èyí ni àpò ìtọ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Èyí ni àpò òróòro. Rọra o, alápatà! Tó bá bẹ́ pẹ́nrẹ́n, ẹran tán nìyẹn, ìkorò la ó máa jẹ." Ó fẹ́ràn àwọn àpò inú ara ju ẹran lọ. Á gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, á máa wò ó bí ẹni tó ń wo aṣọ tuntun, ó ní bí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ tó yẹn, kò jo.

Ibẹ̀ ni yóò ti wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Ọ̀kẹ́. "Àpò náà ni ọ̀kẹ́," ó máa ń wí. "Láyé àtijọ́, àpò ńlá tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ inú ikùn náà ní àpò tirẹ̀, inú omi àpò yẹn ló ń gbé. Tí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ bímọ, àpò á ya, omi á dà, ọmọ á tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tí àpò tirẹ̀ kì í ya. Tòun tàpò ló máa ń jáde, agbẹ̀bí ló máa la àpò kó tó lè sunkún. Àwọn àgbà rí i, wọ́n ní ọmọ yìí wá sáyé bí owó nínú ọ̀kẹ́. Ibẹ̀ lorúkọ ti wá." Ó ní bí awọ náà bá bo orí àti ojú nìkan, Tàlàbí ni wọ́n ń sọ obìnrin, Sàlàkọ́ ni wọ́n ń sọ ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹni tí awọ bo látòkè délẹ̀, Ọ̀kẹ́ ni, ì báà ṣe akọ, ì báà ṣe abo. Mo bi í lọ́dún kan pé, "Ìyá Àgbà, báwo ló ṣe rí nínú àpò tiyín?" Ó pa ojú dé díẹ̀, ó nu ọ̀bẹ. Ó ní, "Má bi mí léèrè ohun tí mi ò mọ̀."

Lójú àwọn èèyàn wa ní Túdù, ẹni tó mú ọrọ̀ tirẹ̀ dání wáyé ni Ọ̀kẹ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun nínú wọn, Ìyá Àgbà ni wọ́n máa wá pè kó wá fọwọ́ rẹ̀ ṣí àgádágodo. Bí obìnrin kan bá bímọ, òun ló máa kọ́kọ́ wẹ ọmọ náà lọ́jọ́ ìkómọ. Ọwọ́ Ọ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, wọ́n á ní kó fi ra ọmọ lórí, kó fi ra á láyà. Èmi ni mo máa ń gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e, mo sì ń fi í yangàn nílé ìwé pé ìyá àgbà tèmi kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyá àgbà yín.

Ohun tí kò yé mi ni bó ṣe ń ṣe lẹ́yìn tó bá wẹ ọmọ tán. Á fi ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá fún un, kì í gbé e wọlé wa, àwọn arúgbó tó wà ní Sọ́ńgò, àdúgbò àwọn Háúsá, ló máa ń pín in fún. Tó bá délé, á jókòó sórí ẹní àdúà títí oúnjẹ á fi tutù. Àwọn èèyàn ní, "Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀ Alájà!" Ìrẹ̀lẹ̀ la pè é, gbogbo wa la pè é bẹ́ẹ̀. Bí ìyá ọmọ bá kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, á fà á dìde kíá, á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bínú. "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," á wí. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí o sì máa ṣọ́ ọmọ rẹ."

Ó ní àwọn àṣà mìíràn tó ń kọ wá lóminú. Àwọn télọ̀ ọjà Kantamanto, àwọn tó ń tún aṣọ àlòkù ṣe, ni oníbàárà rẹ̀ jù. Òbúróní wáwù ni wọ́n ń pe aṣọ náà níbí, ìyẹn ni pé òyìnbó tó ni ín ti kú. Ìgbà mìíràn wọ́n á mú èyí tó dára jù nínú ìdì aṣọ wá láti fi ta á lọ́rẹ. Kì í gbà. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gíga, mo ra kóòtù kan fún un ní Kantamanto nítorí òtútù ìgbà òjò, ó dára, kò tilẹ̀ ní àbàwọ́n. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún bọ́tìnì rẹ̀ kan rán, ó ká a dáadáa, ó dá a padà fún mi. Inú bí mi, mo ní, "Ìyá Àgbà, gbogbo Àkrà ló ń wọ̀ ọ́, páà." Ó ní, "Wọ̀ ọ́, ọmọ mi, yóò yẹ ọ́. Èmi ò fẹ́ wọ ohun ẹni tó ti kú. Èyí tí mo wọ̀ ti tó mi."

Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lórí oúnjẹ ni òun àti Alájì ti máa ń jà. Alájì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àkọ́bí Ìyá Àgbà, ó ń kó ẹrù ní èbúté Tẹmá, ẹ̀sìn rẹ̀ sì le. Ìyá Àgbà kò lè jẹun kó má kọ́kọ́ bu òkèlè kan sọ́tọ̀. Ì báà jẹ́ bánkù, ì báà jẹ́ ìrẹsì, á bu ti àkọ́kọ́ sí etí àwo, tó bá jẹun tán á gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, adìẹ á ṣà á. Alájì ní ẹbọ ni. Ó ní lójú gbogbo èèyàn, níwájú ìyàwó rẹ̀, pé ìyá òun lọ Mẹ́kà, ó tún ń bọ ògiri. Ìyá Àgbà kò jiyàn. Lọ́jọ́ kan, Alájì gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ òkèlè ọ̀hún, ó ní òun fẹ́ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó títí tó fi gbé e mì, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Bó bá ṣe ìwọ ló jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló jẹ ẹ́."

Ta ni "rẹ̀" yẹn? Kò sẹ́ni tó béèrè nínú wa. A gbọ́n púpọ̀ nílé wa, a kì í béèrè nǹkan.

Wàyí o, ọmọ Mèmúnà. Mèmúnà ń ṣerun fún àwọn obìnrin, ìyá rẹ̀ ni ó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa. Àkrà ni wọ́n bí Mèmúnà sí, ó fẹ́ ọmọ Gá kan, ọmọ onílẹ̀ Àkrà, tó ń wa tróò-tróò. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ ní ọsibítù, tòun tàpò lọmọ náà wá. Mèmúnà ní àwọn nọ́ọ̀sì ń pe ara wọn wá wò ó, ọmọ ń yí nínú omi bí ẹja. Ìròyìn dé Túdù kí wọ́n tó dá Mèmúnà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń jó láàárín bàtà. Ọ̀kẹ́ ti bá Ọ̀kẹ́ ní Túdù, wọ́n ní, ọjọ́ ìkómọ yìí Alájà yóò fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e lọ, báàgì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ilé kún, ẹran wà lórí iná, omi ìwẹ̀ ti wà nínú bàsíà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wọlé ni mo ti rí i pé Mèmúnà ń sunkún. Ọmọ náà kò mu ọmú dáadáa láti ọjọ́ mélòó kan, oorun ló ń sùn ṣáá. Ọkọ rẹ̀ dúró ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bẹ ìyá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá tó gbọ́ díẹ̀díẹ̀: "Màámì, kàfírà, mo bẹ̀ yín páà. Ká gbé e lọ ọsibítù." Ìyá Mèmúnà ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní ohun tó ń ṣe ọmọ kì í ṣe ohun ọsibítù, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń retí. Tí Ọ̀kẹ́ bá ti wẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ á balẹ̀. Àwọn obìnrin tó kù ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Àgbà gba ọmọ náà. Ó fi àtàǹpàkò ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó wò ó. Ẹyinjú ọmọ ti pọ́n rúsúrúsú. Ó tẹ awọ imú rẹ̀ díẹ̀, ó tún wò ó. Ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù."

"Tí ẹ bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, Alájà," ìyá Mèmúnà wí.

"Nísinsìnyí ni mo wí."

"Alájà, ẹ kàn fọwọ́ rà á lórí. Ọwọ́ yín ló ń dúró dè."

Ìyá Àgbà wo bàsíà omi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi kì í ṣe Ọ̀kẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìrẹ̀lẹ̀ ni, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ẹnì kan tilẹ̀ ní, "Alájà ti tún bẹ̀rẹ̀!" Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò wá àga, kò wá ẹní, ó gbé ọmọ náà lé itan.

Ó ní, "Ẹ gbọ́, mi ò ní í tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni Ọ̀kẹ́. Rábíátù lorúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n fẹ́ fún ọkọ mi, torí ìyá ọkọ mi ní Ọ̀kẹ́ ni òun fẹ́ kí ọmọ òun fi ṣaya, kí òwò rẹ̀ lè dára. Wọ́n ti gba ìdána. Ibà mú ẹ̀gbọ́n mi, ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ọmọ yìí. Àwọn èèyàn wa ní kò nílò oògùn. Wọ́n ní ẹni tó wá láti inú ọ̀kẹ́, nǹkan tó gbé e wá á gbé e dìde. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, ó kú. Wọn ò fẹ́ dá ìdána padà, ọkọ ò sì mọ̀ ọ́n lójú. Èmi ni wọ́n gbé wá. Wọ́n ní tí wọ́n bá pe Rábíátù Ọ̀kẹ́, kí n máa jẹ́. Múnírátù lorúkọ mi. Àbẹ̀ní loríkì mi. Ọwọ́ tí ẹ ń rí yìí, ọwọ́ lásán ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí kú nítorí ọwọ́ mi."

Ọmọ Gá yẹn kò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí tó tó. Ó já ọmọ gbà, ó jáde, Mèmúnà sá tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. A gbọ́ tí ọkọ̀ náà ṣáná.

Ó ku Ìyá Àgbà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà. Kò sẹ́ni tó fà á dìde. Obìnrin kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Háà! Gbogbo ọmọ mi ló wẹ̀!" Òmíràn rántí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó jóná, ó ní kò ya òun lẹ́nu mọ́, irọ́ ló fi ṣí i. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rẹ̀, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú, a jọ jáde. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ mi ń dún ní gbogbo àgbàlá yẹn, ojú ń tì mí débi pé etí mi gbóná. Nínú tróò-tróò, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé wọ́n á tètè débẹ̀?"

Wọ́n tètè débẹ̀. Ibà apọ́njú ló mú ọmọ náà, dókítà fi í sábẹ́ iná tó ń tàn búlúù, ọjọ́ mélòó kan, ó padà wálé, ó ń mu ọmú bí ẹni tó ń gbẹ̀san.

Ẹni tí ó yẹ kí a máa gbé jó ni Ìyá Àgbà lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí a ṣe rèé. Alájì wá láti Tẹmá, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ ò ṣe fi sínú kú? Ọmọ Ọ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní èbúté. Kí ni mo fẹ́ máa jẹ́ báyìí?" Ìyá Àgbà ń fi bọ́tìnì sínú agolo. Ó ní, "Máa jẹ́ ọmọ mi."

Àwọn ará Gánà kò bìkítà. Télọ̀ kan láti Kantamanto gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Máàmé, síìpù ni mo wá rà, kì í ṣe orúkọ." Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá ń gba òdì kejì ọ̀nà kọjá. Kò sẹ́ni tó pè é sí ìkómọ mọ́. Àwa ará ilé kò lé e, a kàn ń sọ fún un pé ó ti dàgbà, kó sinmi, kó má wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, mo máa ń ní ara rẹ̀ kò yá. Ara rẹ̀ yá gágá. Nígbà náà gan-an ló yá jù. Ó ń gba àárín ọ̀nà rìn nínú àdúgbò, ìborùn rẹ̀ ń yọ̀ sẹ́yìn, kò sì bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ojú ti kúrò lára rẹ̀, ó ti bọ́ sí ara wa.

Ìgbà yẹn ló tó sọ ìyókù fún mi. Ó ní òun gbìyànjú láti sọ fún bàbá àgbà mi ní ọdún tí wọ́n bí Alájì. Bàbá àgbà fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó ní, "Ọ̀kẹ́ ni mo fẹ́, Ọ̀kẹ́ ni mo fẹ́ yìí." Ó ní òun ò mọ̀ títí dòní bóyá ó mọ̀ ni o, bóyá kò fẹ́ mọ̀. Òkèlè ẹ̀yìn ilé, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Oúnjẹ rẹ̀ ni òun ń jẹ, ó ní, ilé rẹ̀ ni òun ń gbé, ọmọ tó yẹ kó bí ni òun bí. Bí ó bá gbé àwo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bẹ̀.

Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú àpò aṣọ kékeré kan jáde, ó tú okùn rẹ̀. Awọ gbígbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí awọ inú èèpo ẹyin. Ọ̀kẹ́ tí wọ́n bí Rábíátù nínú rẹ̀ ni, ìyá wọn ló sá a sóòrùn lọ́jọ́ náà, òun náà ló fi í lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń bọ̀ ní Àkrà, kó lè rí ohun fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá bi í. Kò sẹ́ni tó bi í. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ibi tí adìẹ ti ń ṣà, ó sì sin ín. Kò sunkún. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ náà, ó ní, "Rábíátù, gba orúkọ rẹ." Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Tí mo bá kú, kí wọ́n fi orúkọ mi ṣàdúà fún mi. Mi ò fẹ́ kí àdúà mi lọ bá ẹlòmíràn. Mo ti gba tirẹ̀ tó." Mo ní yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí rèé tí ẹ̀rù fi bà mí nígbà tí àlùfáà béèrè orúkọ. Mo wo Alájì. Ó ti sanra, ó ti darúgbó, fìlà rẹ̀ funfun báláú. Ó wú ikọ́. Ó ní, "Rábíátù." Kò fi Ọ̀kẹ́ kún un. Ó kàn sọ èyí tó rọrùn jù, kí ọ̀rọ̀ lè tán, kí a lè jẹun, kí àwọn ará Túdù má tún rántí. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, gbogbo wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àlùfáà la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ àdúà.

Mèmúnà wà ní ẹ̀yìn pátápátá, òun àti ọmọ rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ilé náà jókòó lórí itan ìyá rẹ̀, ó ń jẹ bísíkíìtì, ó ń da èérún rẹ̀ sórí ẹní. Mo wò ó. Mo ní, "Rárá."

Alájì yí ojú sí mi. Ó ní, "Jókòó jẹ́ẹ́." Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Àlùfáà, ẹ má bínú. Múnírátù ni. Múnírátù Àbẹ̀ní." Àwọn obìnrin Túdù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Gbogbo ohun tí a ti ń fi ẹní bò jáde síta, ojú sì tì mí, ó tì mí gan-an, kì í ṣe nítorí ohun tí Ìyá Àgbà ṣe.

"Ta wá ni Rábíátù?" àlùfáà béèrè.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Òun náà ti kú tipẹ́, a kò ṣàdúà fún un rí nílé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni méjì ni."

Àlùfáà wo Alájì, bóyá yóò gbà, bóyá yóò kọ̀. Alájì ṣí fìlà, ó fi nu ojú rẹ̀, kò gbé orí sókè. Ó ní, "Bó ṣe wí ni. Ìyá mi ni Múnírátù."

Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè. Ó bẹ Ọlọ́run kó foríjin Rábíátù, kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó bẹ Ọlọ́run kó foríjin Múnírátù Àbẹ̀ní, kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ilé dáhùn pé àmín, ti Alájì sì pẹ́ ju ti gbogbo èèyàn lọ. Inú ilé ìyá yìí ni mo ti dàgbà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ kí àlejò pè é lórúkọ.